Wa, ga, o, ni, de: bẹ́ ẹ ṣe lè tú gbólóhùn Japanese, títí kan èyí tó ní “lè” nínú

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró nídìí Japanese kì í ṣe kanji (àwọn lẹ́tà tí wọ́n yá látọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà) o, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní particle, bíi wa, ga, o, ni, de yẹn ni. Èèyàn á ti mọ “jẹun”, á mọ “fíìmù”, á mọ “ọ̀rẹ́”, síbẹ̀ tí wọ́n bá to gbogbo ẹ̀ sínú gbólóhùn kan, kò ní mọ ta ló ń ṣe kí ni fún ta. Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní “lè” nínú tún máa dé, irú bíi yomeru, ikeru, taberareru, á sì yí particle tó rò pé òun ti mọ̀ padà mọ́ ọn lójú. Àwọn méjèèjì so mọ́ra wọn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi yà wọ́n sọ́tọ̀ níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra JLPT (ìdánwò èdè Japanese), ní N5, ìpele tó rọrùn jù, lẹ ti máa pàdé àwọn particle, “lè” á wá dé ní N4 tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́tà ABD wa yìí ni màá fi kọ Japanese náà kó lè rọ gbogbo èèyàn lọ́rùn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí i ní hiragana (lẹ́tà Japanese tó ń dúró fún ìró), は (tó jẹ́ ha níbòmíì) ni wọ́n fi ń kọ wa, を ni wọ́n fi ń kọ o, へ (tó jẹ́ he) ni wọ́n sì fi ń kọ e tó ń sọ ibi téèyàn dorí kọ. Nígbà tí wọ́n tún àkọtọ́ wọn ṣe lọ́dún 1946, wọ́n fi àwọn mẹ́ta yẹn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n látijọ́, kẹ́ ẹ ṣáà ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ lọ sí ìparí gbólóhùn

Nínú Yorùbá a máa ń sọ pé “mo jẹ sushi”, ọ̀rọ̀-ìṣe wà láàárín. Ní Japanese ìparí ló ń wà. Torí náà tí gbólóhùn bá ti gùn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ẹ̀ láti iwájú, ẹ sáré lọ wo ìparí, kẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, kẹ́ ẹ tó wá padà wo ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú particle tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Lẹ́yìn ni mo wí o, torí “ní” tiwa iwájú ló ń wà (“ní ọjà”), tiwọn sì ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ni, ọ̀pọ̀ ló sì ń mú un pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn dípò èyí tó ti lọ.

Ashita Shibuya de tomodachi to eiga o mimasu.

Mimasu, wíwò ni. Kí ni wọ́n fẹ́ wò? Eiga o, fíìmù. Pẹ̀lú ta? Tomodachi to, pẹ̀lú ọ̀rẹ́. Níbo? Shibuya de. Ìgbà wo? Ashita, lọ́la, ìyẹn ò gba particle. Ó parí: lọ́la, èmi àti ọ̀rẹ́ mi máa wo fíìmù ní Shibuya. Ẹ ṣàkíyèsí pé “èmi” ò sí níbẹ̀ rárá, ohun tó bá ti hàn kedere wọn kì í dárúkọ ẹ̀.

Ẹ wá gbé e yí: Tomodachi to ashita Shibuya de eiga o mimasu. Ohun kan náà ni. Ẹ rò ó bí aṣọ ẹbí lóde ìnáwó, ibi yòówù kí ẹbí ìyàwó jókòó sí, tẹ́ ẹ bá ti rí aṣọ ọrùn wọn ẹ ti mọ̀ pé ti ìyàwó ni wọ́n. Particle ni aṣọ náà, torí ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fi lè sún síwá sẹ́yìn láìsí wàhálà.

Ìgbésẹ̀ kejì: wa àti ga, ẹ fi “ló” dán an wò

Ibí yìí làwa tá a gbọ́ Yorùbá ti ní àǹfààní, ó sì yà mí lẹ́nu pé a ò kì í lò ó, nítorí pé inú gírámà Gẹ̀ẹ́sì la ti ń kọ́ Japanese, Gẹ̀ẹ́sì náà ò sì ní nǹkan tó bá a mu dáadáa.

Tanaka-san wa kimashita. Tanaka wá. (Ní ti Tanaka o, ó wá, mi ò sọ ti ẹlòmíì.)
Tanaka-san ga kimashita. Tanaka ló wá.

Ṣẹ́ ẹ rí i? Tẹ́ ẹ bá lè fi “ló” tàbí “ni” gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ní Yorùbá, ga ni ẹ máa lò. Tó bá jẹ́ “ní ti lágbájá” lẹ ní lọ́kàn, wa ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìbéèrè bíi dare (ta) àti nani (kí) kì í fi í gba wa tó bá jẹ́ òun ló ṣe nǹkan: Dare ga kimashita ka? “Ta ló wá?” Kò sẹ́ni tó máa sọ pé “ní ti ta, ó wá”. Tí wọ́n bá sì fi ga bi yín, ga náà lẹ máa fi dáhùn. Ka tó wà níparí yẹn, iṣẹ́ “ṣé” àti “ǹjẹ́” ló ń ṣe.

Ẹ kàn má sọ “ló” di òfin tí kò gbà kéèyàn yà. Ame ga futte imasu, “òjò ń rọ̀”, kò sí “ló” níbẹ̀, ìròyìn tuntun ni wọ́n kàn ń fún yín, èèyàn yọjú lójú fèrèsé ó rí òjò. Ga máa ń gbé ohun tuntun wọlé, wa á wá máa bá ohun tá a ti mọ̀ lọ.

Gbólóhùn méjì wà tí àwọn onígírámà Japan fẹ́ràn láti máa jiyàn lé lórí. Èkíní: Zou wa hana ga nagai, “erin, imú ẹ̀ ló gùn”. Wa gbé erin kalẹ̀, ga sọ ibi tó gùn lára ẹ̀. Ẹnu wa gba gbólóhùn yẹn láìyí nǹkan kan padà. Èkejì: Boku wa unagi da. Tẹ́ ẹ bá túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe wà ẹ máa ní ọkùnrin yẹn ń sọ pé ẹja unagi lòun, bẹ́ẹ̀ sì rèé ilé oúnjẹ ló wà, wọ́n ń béèrè ohun tí kálukú fẹ́ jẹ, ó ní “ní tèmi o, unagi”. Tí ìyẹn bá ti wọlé sí yín lórí, wa ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́.

Ẹ fi èyí sápò, a máa nílò ẹ̀ níwájú: suki (fẹ́ràn), hoshii (fẹ́ ní), wakaru (yé), gbogbo wọn ga ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe o. Sushi ga suki desu. Nihongo ga wakarimasu.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ni àti de, ibi tí Yorùbá ti máa tàn wá

“Mò ń gbé ní Tokyo”, “mò ń ṣiṣẹ́ ní Tokyo”. “Ní” kan náà ni lẹ́nu wa. Lọ́dọ̀ wọn:

Tokyo ni sunde imasu. (Mò ń gbé ibẹ̀.)
Tokyo de hataraite imasu. (Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́.)

Tó bá jẹ́ pé nǹkan kàn wà níbì kan, tàbí èèyàn ń gbébẹ̀, ni. Tí wọ́n bá ń ṣe nǹkan níbẹ̀, de. Toshokan ni imasu, mo wà ní láìbúrì. Toshokan de benkyou shimasu, láìbúrì ni mo ti ń kàwé. Ẹ gbọ́ “ti” tó wọ inú ẹ̀ yẹn? “Níbo lo wà” àti “níbo lo ti ń jẹun”, “ti” yẹn ló ń jọ de. Kì í ṣiṣẹ́ níbi gbogbo àmọ́ ó máa ń ràn èèyàn lọ́wọ́.

De náà ló ń ṣe iṣẹ́ “fi”: hashi de taberu, fi igi ìjẹun wọn yẹn jẹun, nihongo de hanasu, fi Japanese sọ̀rọ̀, densha de iku, wọ rélùwéè lọ. Ni sì tún ń sọ ibi tá à ń lọ (gakkou ni iku), aago (shichi-ji ni, ní aago méje) àti ẹni tá a fún ní nǹkan (tomodachi ni ageru).

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì wà tẹ́ ẹ kàn máa há sórí: noru (wọ ọkọ̀) àti au (pàdé). Ni làwọn méjèèjì ń gbà, basu ni noru, tomodachi ni au. Tèèyàn bá ń ronú ní Yorùbá, “wọ básì”, “pàdé ọ̀rẹ́”, o ni ọwọ́ máa fẹ́ tẹ̀. Ẹ ká a lọ́wọ́ kò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi “lè” sínú ọ̀rọ̀-ìṣe

“Lè” tiwa dá dúró, iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń wà, ó parí. Tiwọn, ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra ẹ̀ ló ń yí padà, bó sì ṣe máa yí padà dá lórí ẹgbẹ́ tó wà. Bẹ́ ẹ ṣe máa rí i nínú díṣọ́nárì lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ (miru, kì í ṣe mimasu tó jẹ́ ti ọ̀wọ̀).

Ẹgbẹ́ kìíní ló pọ̀ jù. Ẹ yọ u tó wà níparí, ẹ fi eru sí i:
kaku (kọ) → kakeru (lè kọ)
yomu (kà) → yomeru
hanasu (sọ) → hanaseru
iku (lọ) → ikeru
tsukau (lò) → tsukaeru
matsu (dúró de) → materu, ẹ má kọ “matseru” o, ìlà ta-chi-tsu-te nínú hiragana ló wà, tsu ló di te.

Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn tó fi iru tàbí eru parí. Ẹ yọ ru, ẹ fi rareru sí i:
taberu (jẹ) → taberareru
miru (wò) → mirareru
okiru (jí) → okirareru

Méjì ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, àfi kẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀: suru (ṣe) → dekiru, kuru (wá) → korareru.

Ibi tí wọ́n ti ń múni ni pé àwọn kan wà tí wọ́n fi iru tàbí eru parí, àmọ́ tí wọ́n jẹ́ ti ẹgbẹ́ kìíní: kaeru (padà sílé), hairu (wọlé), hashiru (sáré), kiru (gé). Ẹ fi “kò” (nai níparí) dán wọn wò: tí ra bá yọjú, kaeranai, hairanai, ẹgbẹ́ kìíní ni, ó máa di kaereru, haireru, hashireru, kireru. Tabenai ò ní ra nínú, torí náà ẹgbẹ́ kejì ni. Kiru tó túmọ̀ sí “wọ aṣọ” ti ẹgbẹ́ kejì nìyẹn, kirareru.

Tó bá ti ní “lè” nínú, gbogbo wọn á máa ṣe bíi taberu látìgbà yẹn lọ: yomemasu (lè kà, ti ọ̀wọ̀), yomenai (kò lè kà), yometa (rí i kà), yomenakatta (kò rí i kà). Ìyẹn dẹ̀ rọrùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wá má lọ fi “lè” sí wakaru o. “Lè” ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti túmọ̀ sí pé nǹkan yé èèyàn. Wakareru tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yẹn ọ̀rọ̀ míì pátápátá ni, kí olólùfẹ́ méjì pínyà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: o máa di ga

Ibí ni gbogbo ẹ̀ ti pàdé.

Kanji o yomu. Mò ń ka kanji.
Kanji ga yomeru. Mo lè ka kanji.

Tí “lè” bá ti wọnú ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀ tí particle o dúró tì tẹ́lẹ̀ á lọ dúró ti ga, bíi ti suki àti wakaru tí mo ní kẹ́ ẹ fi sápò. Bí èmi ṣe rò ó nìyí: kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe mọ́, bí nǹkan ṣe rí ni wọ́n ń sọ, pé kanji yẹn “ṣeé kà” fún mi. Tẹ́ ẹ bá rò ó sí “ṣeé” dípò “lè”, ga ò ní ṣàjèjì. Ẹ máa gbọ́ tí àwọn ọmọ Japan fúnra wọn ń sọ kanji o yomeru, kì í ṣe àṣìṣe, àmọ́ ga ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ́ ẹnu lára, pàápàá dekiru tó jẹ́ pé ga ló ń gbà: unten ga dekimasu, mo lè wa mọ́tò.

O nìkan ló ń yí padà o! Ni, de, to, kara, kò sí èyí tó kàn nínú wọn. Basu ni noru di basu ni noreru. Tomodachi ni au di tomodachi ni aeru. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé “lè” ń gba ga á fẹ́ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo nǹkan, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ wá wo méjì yìí:

Ie ni kaeru. Mò ń padà sílé.
Ie ga kaeru. Mo lè ra ilé.

Kau (rà) ti di kaeru (lè rà), ó wá bá kaeru (padà sílé) dọ́gba ní hiragana. Particle nìkan ló là á, ni ń sọ ibi tí wọ́n ń lọ, ga ń sọ ohun tó ṣeé rà. Lẹ́nu, ohùn ń là á náà, nínú “padà sílé” ka ló wà lókè kí ìyókù tó já wálẹ̀, nínú “lè rà” kò sí ibi tó ti já wálẹ̀, etí ọmọ Yorùbá ò sì gbọ́dọ̀ pàdánù ìyẹn.

Ní ṣọ́ọ̀bù, èyí lẹ máa lò jù: Suica ga tsukaemasu ka? “Ṣé mo lè lo Suica?” (Suica ni káàdì tí JR East, iléeṣẹ́ rélùwéè kan, gbé jáde ní 2001, rélùwéè ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n ń fi rajà ní konbini, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké àdúgbò, báyìí.) Wọ́n lè dá yín lóhùn pé: Sumimasen, kaado wa tsukaemasen. “Ẹ má bínú, káàdì ò ṣeé lò.” Ga ti di wa níbẹ̀. Nínú “kò lè” ó wọ́pọ̀ gan-an, torí “ní ti káàdì o, rárá”, ó ṣeé ṣe kí owó lọ́wọ́ ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà gígùn kan náà wà, yomu koto ga dekiru. Kanji o yomu koto ga dekimasu. O dúró síbẹ̀ torí yomu ò tíì yí padà, dekiru tó wà níparí ló gba ga. Inú fọ́ọ̀mù àti ìwé ìlànà lẹ ti máa rí i jù, lẹ́nu ó máa ń le díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: “lè rí” kì í ṣe ọ̀kan

Mirareru wà, mieru náà wà. Kikeru (lè gbọ́) wà, kikoeru náà wà. Mieru ni kí nǹkan hàn sí èèyàn láìjẹ́ pé ó wá a. Tẹ́ ẹ bá wọ Shinkansen, rélùwéè wọn tó ń sáré gan-an, láti Tokyo lọ sí Osaka, ọwọ́ ọ̀tún ni òkè Fuji wà, mítà 3,776, tójú ọjọ́ bá mọ́ ẹ máa sọ pé Fuji-san ga miemasu, ó ń hàn. Àmọ́ fíìmù tí wọ́n ń fi hàn ní sinimá kan, tẹ́ ẹ sì lè lọ wò ó tẹ́ ẹ bá fẹ́, mirareru nìyẹn. Lórí fóònù tàbí Zoom, Kikoemasu ka? ni, “ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” Ga náà ni gbogbo wọn ń gbà.

Ìgbésẹ̀ keje: ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ nígboro

Ẹ máa gbọ́ mireru, tabereru, koreru, tí ra ti sọnù nínú wọn. Ẹgbẹ́ kejì àti kuru nìkan nìyẹn ń kàn. Èmi rò pé ó tiẹ̀ ní làákàyè, torí taberareru tún lè túmọ̀ sí “wọ́n jẹ ẹ́”, tabereru ò lè ṣi èèyàn lọ́nà bẹ́ẹ̀. Bunkachō, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àṣà, gbé ìwádìí jáde ní 2016 tó fi hàn fún ìgbà àkọ́kọ́ pé àwọn tó ń sọ mireta ti ju àwọn tó ń sọ mirareta lọ. Síbẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á ní mireru, àkọlé ìsàlẹ̀ á kọ mirareru. Ẹ̀yin náà, ẹ máa sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rẹ́, ẹ má kọ ọ́ sí lẹ́tà iṣẹ́ tàbí ìdánwò.

Wọ́n tún máa ń já particle sílẹ̀, pàápàá wa, ga àti o: Kore, taberareru? “Èyí, ó ṣeé jẹ?” De kì í ṣeé já bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ èèyàn, “lè” náà ló wà ńdìí ẹ̀. Morau (gbà) di moraeru: Mou ichido itte moraemasu ka? “Ṣẹ́ ẹ lè bá mi tún un sọ?” Fún àgbà tàbí ọ̀gá níbi iṣẹ́, itadakemasu ka lẹ máa fi rọ́pò moraemasu ka, láti ara itadaku, ọ̀wọ̀ ẹ̀ ga jùyẹn lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú méjì

Nichiyoubi wa shigoto ga aru kara, paatii ni ikenai kedo, doyoubi nara ikeru yo.

Ìparí ná: ikeru, lè lọ. Yo kàn ń tẹnu mọ́ ọn ni, bíi “o” tiwa. Doyoubi nara, tó bá jẹ́ Sátidé. Ẹ padà sẹ́yìn: ikenai, kò lè lọ, síbo? Paatii ni, ni ò yí padà. Kara tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe aru, torí náà “torí pé” ni (tó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-orúkọ bíi Tokyo kara, “láti Tokyo” ni). Shigoto ga aru, iṣẹ́ wà. Nichiyoubi wa, ní ti Sunday. “Ní Sunday mo níṣẹ́ torí náà mi ò lè wá sí páátì, àmọ́ tó bá jẹ́ Sátidé màá lè wá o.” Lọ nínú tiwọn, wá nínú tiwa, bó ṣe rí lẹ́nu kálukú nìyẹn.

Èkejì: Kono mise wa genkin shika tsukaemasen.

Tsukaemasen, kò ṣeé lò. Kono mise wa, ní ti ṣọ́ọ̀bù yìí. Genkin ni owó lọ́wọ́. Shika gba ipò ga, “kò” ló sì máa ń bá rìn, àwọn méjèèjì pa pọ̀ á di “àfi”: níbí, àfi owó lọ́wọ́. Tí kò bá wá sí lápò yín, ẹ bi wọ́n pé: Doko de okane ga orosemasu ka? Orosu ni kéèyàn gba owó jáde ní báńkì, oroseru ni “lè gbà á”, okane ga torí “lè” wà níbẹ̀, doko de torí ibẹ̀ lẹ ti máa ṣe é. Konbini ni wọ́n sábà máa ń júwe.